"Ẹ̀kọ́ àkànṣe" kọ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ẹ̀kọ́ àṣẹ̀ṣẹ̀yọ"

Òkun o ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ti Kàbà, ẹ̀yin ti Ìsánlú, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi.

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lórí ìbéèrè àbúrò wa tó ń ka ẹnjinía ọkọ̀ òfúrufú ní yunifásítì. Ó ní kọ́ọ̀sì kan wà lọ́dún ìkẹyìn tí wọ́n ń pè ní Advanced Special Topics, bàbá ẹ̀ bi í pé kí nìyẹn, kò sì rí Yorùbá ẹ̀ sọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fíṣíìsì n'Ísàńlú wá dá a lábàá pé ká pè é ní "ẹ̀kọ́ àkànṣe onípele gíga", ọ̀pọ̀ yín sì ti ní ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

"Àkànṣe" ti níṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ tan rédíò, ẹ ó gbọ́ pé gómìnà ṣí "iṣẹ́ àkànṣe" kan, bóyá ọ̀nà, bóyá omi ẹ̀rọ, prójẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sọ yẹn. Ọmọ ọdún ìkẹyìn sì ní prójẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kọ lọ́tọ̀, bàbá á kàn rò pé òun náà ni. Ẹlòmíì á rò pé ẹ̀kọ́ àfikún (lẹ́sìn) tí wọ́n máa gbowó lé lórí ni.

Ẹ jẹ́ ká wo kọ́ọ̀sì yẹn fúnra ẹ̀ ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn kọ́ọ̀sì tó kù, bíi aerodynamics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn lára ohun tó ń fò, inú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ohun tí Prandtl ará Jámánì ṣàlàyé ní 1904 nípa afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara apá bàálù, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ dòní. Ṣùgbọ́n Advanced Special Topics yìí, nọ́ńbà kọ́ọ̀sì kan náà ló ń jẹ́, inú ẹ̀ ló ń yí. Sẹ́mísítà kan ó lè jẹ́ hypersonics, ìyẹn ọkọ̀ tó ń sáré ju ìlọ́po 5 eré ìró lọ, tí afẹ́fẹ́ iwájú ẹ̀ á gbóná débi tí àwọn mólékù ẹ̀ á máa fọ́. Òmíì ó lè jẹ́ pàǹtí sátẹ́láìtì tó ti kú tó ṣì ń yí ayé po, èyí tó sún mọ́ ilé nínú wọn ń sáré ju kìlómítà 7 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá sì jẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe ìwádìí lórí aeroelasticity, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mú ohun tó lè tẹ̀ gbọ̀n, ló wà ńlẹ̀, òun ló máa fi kọ́ wọn. (Ẹ ti rí páànù tó ti yọ ìṣó lọ́jọ́ tí ìjì bá ń jà ní Kàbà, bó ṣe ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ ló ń gba agbára kún agbára lọ́wọ́ ìjì títí táá fi ya, ohun tó lè ṣe apá bàálù nìyẹn, afárá Tacoma ní Amẹ́ríkà náà gbọ̀n báyẹn títí tó fi wó ní November 1940.) Ohun tí ìwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hú jáde ni gbogbo ẹ̀, tó bá wá fìdí múlẹ̀ tán, wọ́n lè fún un ní orúkọ àti nọ́ńbà tiẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe ní "ẹ̀kọ́ àṣẹ̀ṣẹ̀yọ". Ẹnì kan máa sọ pé àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ọ̀gọ̀mọ̀ ló ní òun ó kan ọ̀run, pé ọ̀rọ̀ ìgbéraga ni. Mo mọ òwe yẹn. Ọ̀gọ̀mọ̀ ló lẹ́jọ́, "àṣẹ̀ṣẹ̀yọ" ò mú ju ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ. Iṣẹ́ yìí sì ń kan ọ̀run lóòótọ́, sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 tiwa gbéra ní September 2003 ó sì débẹ̀.

Ti "onípele gíga", "àgbà" tó mi, a ṣáà ń pe olùkọ́ àgbà, a ń pe girama àgbà, gbogbo èèyàn mọ̀ pé ẹni tó ti kọjá ìpìlẹ̀ ni. "Ẹ̀kọ́ àṣẹ̀ṣẹ̀yọ àgbà." Bẹ́ ẹ bá rí i pé àgbà àti àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ń bára wọn jà, ẹ gé àgbà kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yàgbà àti Bùnú dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń pe ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ fún wa, ó lè dùn ju tèmi lọ.

Àbúrò, ká tó fẹnu kò lórí orúkọ, sọ fún bàbá pé nǹkan tuntun tí olùkọ́ yín ń ṣèwádìí lé lórí ló ń fi kọ́ yín, ẹ ó sì ṣèdánwò lórí ẹ̀ bíi tàwọn yòókù.