Ayọ̀ wo ni ó ga jù: iṣẹ́ agbára ni, tàbí pé a kọ orúkọ wa sí ọ̀run?

Ọmọ Àdúrà
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Nínú Lúùkù 10:17-20, àwọn 70 tí Jésù rán jáde padà wá pẹ̀lú ayọ̀ pé àwọn ẹ̀mí èṣù pàápàá ń tẹríba fún àwọn ní orúkọ Rẹ̀. Olúwa sì ní kí wọ́n má ṣe yọ̀ nítorí èyí, bí kò ṣe nítorí pé a ti kọ orúkọ wọn sí ọ̀run. Ǹjẹ́ ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín rí pé ayọ̀ ìgbàlà borí ayọ̀ iṣẹ́ ìyanu, ti ẹ̀bùn Ẹ̀mí, tàbí ti àdúrà tí ó gbà? Ẹ jọ̀wọ́, ìrírí yín ni mo ń béèrè, kì í ṣe ìwàásù.

Ìyá Akọrin
Ọmọ mi, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Àìsàn kan dá mi dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ará sì ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Ní àkókò náà gan-an ni àwọn ẹlòmíràn ń rí ìwòsàn gbà nínú ìpàdé àdúrà tí wọ́n máa ń gbé mi lọ, tí wọ́n ń dìde jẹ́rìí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èmi náà sì ń bá wọn pàtẹ́wọ́ láti orí àga tí mo jókòó sí. Ó dùn mí wọra. Ní òru kan tí ìrora kò jẹ́ kí n sùn, ìtàn arọ tí àwọn ènìyàn mẹ́rin gbé wá nínú Máàkù 2 sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n dá òrùlé lu, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ìwòsàn ni gbogbo ènìyàn sì ń retí, ṣùgbọ́n ohun tí Olúwa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Mo bi ara mi pé, bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni Jésù dánu dúró, tí wọ́n tún gbé ọkùnrin náà padà sílé lórí ẹní rẹ̀, ṣé ọwọ́ òfo ni ìbá bá lọ? N kò tíì bi ìbéèrè náà tán tí mo fi mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, mo kọ ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹni tí ń tọ́jú mi sì rò pé ara mi ti yá. Ara kò yá. Títí di òní n kò lè rìn dáadáa, ṣùgbọ́n ayọ̀ òru náà kò fi mí sílẹ̀.

Ẹlẹ́rìí
Àmín. Ẹ kú ìjẹ́rìí, Ìyá.

Ará Bèréà
Ìyá, mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi bí yín nínú. Ohun tí ń kọ mí lóminú ni bí àwọn kan ṣe ń fi irú ẹ̀rí yìí pa àdúrà ìwòsàn tì. Ìtàn inú Máàkù 2 kò parí sí ìdáríjì, nítorí ọkùnrin náà dìde, ó sì gbé ẹní rẹ̀. Ní Lúùkù 10 yìí kan náà, ẹsẹ̀ 19, Jésù fúnra Rẹ̀ ni ó fún wọn ní àṣẹ láti tẹ ejò àti àkéekèé mọ́lẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà sì ní kí a máa fi ìtara lépa ẹ̀bùn Ẹ̀mí, ní 1 Kọ́ríńtì 14:1. Ẹ̀bùn kì í ṣe ọ̀tá ìgbàlà.

Ìyá Akọrin
Òtítọ́ ni o sọ, ọmọ mi. Àràárọ̀ ni mo ṣì ń gbàdúrà ìwòsàn. Ayọ̀ mi ni kò dúró de ìdáhùn mọ́.

Abiyamọ
Gbólóhùn tí Ìyá sọ yìí, pé ayọ̀ àwọn kò dúró de ìdáhùn mọ́, ni ó mú omi bọ́ lójú mi. Bí bàbá mi ṣe lọ nìyẹn. A gbàdúrà títí, a kò rí ìwòsàn tí a ń fẹ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n kẹ́yìn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, tí wọ́n ń sọ fún àwa ọmọ pé àwọn mọ Ẹni tí àwọn ń lọ bá. Nígbà náà, n kò mọ ohun tí mo lè pè é. Ó dà bí ẹni pé mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Alóre
Ìyá, Ọlọ́run yóò tún gbé yín dìde. A ń bá yín gbà á ládùúrà.

Olùtúsílẹ̀
Inú ẹgbẹ́ tí ń gbàdúrà fún àwọn tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dà láàmú ni mo wà. Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má mọ bí ayọ̀ rẹ̀ ṣe lágbára tó, nítorí pé ojú rẹ ni ẹni tí kò sinmi láti ìgbà pípẹ́ yóò ti jókòó jẹ́ẹ́, tí yóò sì pe orúkọ ara rẹ̀. Olórí wa ní ìlànà kan tí kì í yẹ̀. Bí a bá ti ṣe tán, kò ní jẹ́ kí á jókòó máa ròyìn bí ẹ̀mí náà ṣe kígbe tàbí ẹni tí ó gbé ọwọ́ lé e. Yóò ní kí ẹnì kan nínú wa sọ bí Olúwa ṣe gbà á là, àwa yòókù yóò sì tẹ́tí. Mo ti gbọ́ ìtàn ìgbàlà àwọn kan léraléra, síbẹ̀ wọn kò sú mi. Nígbà tí ó yá, ohùn olórí wa kú, wọn kò lè darí àdúrà mọ́, àwa sì rò pé ìbànújẹ́ yóò dé bá wọn. Wọ́n ṣì ń wá sí gbogbo ìpàdé, ojú wọn a sì máa tàn bí a bá ti dé orí ìtàn ìgbàlà.

Ọmọ Ìyè
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé 70 ni wọ́n tàbí 72? Mo rí 72 nínú Bíbélì kan.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi
Àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan ní 70, àwọn mìíràn ní 72. Kò yí ọ̀rọ̀ Olúwa padà. Ohun tí mo fẹ́ kí Ará Bèréà rò wò ni Júdásì. Mátíù 10 sọ pé Jésù fún àwọn 12 ní àṣẹ lórí ẹ̀mí àìmọ́ àti láti wo àìsàn sàn, orúkọ Júdásì sì wà nínú wọn. Nínú Mátíù 7:22-23 pẹ̀lú, àwọn kan yóò sọ pé àwọn sọ tẹ́lẹ̀, àwọn lé ẹ̀mí èṣù jáde, Olúwa yóò sì ní Òun kò mọ̀ wọ́n rí. Jòhánù Onítẹ̀bọmi ńkọ́? Jòhánù 10:41 sọ pé kò ṣe iṣẹ́ àmì kankan, síbẹ̀ Jésù ní nínú àwọn tí obìnrin bí, kò sí ẹni tí ó jù ú lọ. Ẹni tí ó bá gbé ayọ̀ rẹ̀ lé ẹ̀bùn, orí ohun tí Júdásì pàápàá ní ni ó gbé e lé.

Ará Bèréà
Mo gbà bẹ́ẹ̀ lórí Júdásì. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí á máa yọ̀ pé a kọ orúkọ wa, ṣé a kò lè pa á rẹ́ ni? Ìfihàn 3:5 sọ pé a kì yóò pa orúkọ ẹni tí ó bá ṣẹ́gun rẹ́. Ẹni tí kò bá ṣẹ́gun ńkọ́?

Ọmọ Ìyè
Jòhánù 10:28 ti dáhùn: kò sí ẹni tí yóò já wọn gbà kúrò ní ọwọ́ Rẹ̀. Ìlérí ni Ìfihàn 3:5, kì í ṣe ìhàlẹ̀.

Ará Bèréà
Ẹ ka Hébérù 6:4-6 pẹ̀lú, tí ó sọ nípa àwọn tí ó ti tọ́ ẹ̀bùn ọ̀run wò, tí wọ́n sì ṣubú kúrò, kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀.

Aláìlẹ́rìí
Ẹ forí jì mí bí n kò bá ní ìtàn bíi tiyín. Inú ilé onígbàgbọ́ ni a ti tọ́ mi dàgbà, mo gba Jésù gbọ́ ní kékeré, n kò sì lè sọ ọjọ́ tí ó jẹ́. Mo mọ̀ pé a gbà mí là, n kò ṣiyè méjì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń sọ ti ayọ̀ yìí, kò jó nínú mi. Nígbà tí àdúrà mi bá gbà ni inú mi ń dùn.

Ìyá Akọrin
Àdúrà tìrẹ ti wà nínú Bíbélì, ọmọ mi. Ní Orin Dáfídì 51:12, Dáfídì bẹ̀bẹ̀ kí Ọlọ́run mú ayọ̀ ìgbàlà Rẹ̀ padà bọ̀ sípò fún òun. A máa ń bèèrè ayọ̀ náà lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Bèèrè, má sì ṣe tijú nítorí pé o kò mọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ka Ìṣe 8 nípa ìwẹ̀fà ará Etiópíà tí Fílípì ṣe ìtẹ̀bọmi fún. Bí wọ́n ṣe jáde nínú omi, Ẹ̀mí Olúwa gbé Fílípì lọ, ìwẹ̀fà náà kò sì rí i mọ́. Mo máa ń rò pé bí ó bá jẹ́ èmi ni, n ó dúró sí etí omi náà máa wá Fílípì kiri, nítorí irú nǹkan ìyanu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí lójoojúmọ́. Òun ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ pẹ̀lú ayọ̀.

Olùtúsílẹ̀
Ìyá, ẹ fi onítúbú inú Ìṣe 16, tí ń ṣọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà, kún un. Ilẹ̀ mì tìtì, ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀wọ̀n tú, ẹ̀rù ni ó bà á. Ìgbà tí òun àti agbo ilé rẹ̀ gba Ọlọ́run gbọ́ ni ayọ̀ dé.

Aláìlẹ́rìí
Ẹ ṣeun, Ìyá. N ó ka Ìṣe 8 lálẹ́ òní, n ó sì gba àdúrà Dáfídì náà.

Ará Bèréà
Àwa náà yóò bá ọ gbà á, àbúrò. Ọmọ Ìyè, n kò tíì rí èsì yín lórí Hébérù 6.