Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi lésà yọ ẹ̀kán nínú omi pólímà rí, ẹ wá sọ ìrírí yín

Àdìó_Láàbù: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù kan tí wọ́n ti ń tan lésà sínú omi tí wọ́n po pólímà mọ́, tí ẹ̀kán á wá yọ níbi tí lésà ti ṣù pọ̀ sójú kan. Pólímà (mólékúùlù gígùn bí ẹ̀wọ̀n) tí wọ́n ń pè ní PNIPAM la ń lò. Pépà tí ọ̀gá mi kó fún mi, mo ti kà á, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti fojú ara ẹ̀ rí i.

Ìyábejì_Jàpáànù: Káàbọ̀. Níbí gan-an niṣẹ́ yẹn ti gbilẹ̀, àwọn Masuhara ní Ọ̀sákà, Hofkens wà lára wọn, 1997 ni pépà wọn jáde. Ohun tí wàá rí rèé: omi mọ́ kedere, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, lésà 1064 nm yẹn (gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ nìyẹn) pàápàá ojú ò rí i. Wàá tan án, ojú kan láàárín á ṣú díẹ̀, nǹkan roboto kékeré kan á yọ, á máa wú á máa wú, á wá dúró gbọnin síbẹ̀, ìwọ sún siláìdì síwá sẹ́yìn títí, kò ní tẹ̀ lé omi lọ. Pa lésà báyìí, ó ti yọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i mo pariwo "yéè!" àwọn tó wà nítòsí kàn wò mí ni, wọn ò sọ nǹkan kan, ẹ mọ àwọn ará ibí.

Báyọ̀_Ò_Gbà: Ooru ni. Kò sí idán kankan níbẹ̀.

Lẹ́kọ́rà_Ìbàdàn: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní lésà ẹ máa jayé yín. PNIPAM yìí, ẹ ṣáà mọ̀ pé tó bá ti kọjá bíi 32°C ó ti funfun nìyẹn, torí pólímà ò ní yọ́ sínú omi mọ́, á ṣù jọ. Oṣù kẹta, ọ̀sán gangan, iná ti lọ látàárọ̀, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kí n mú sàǹpù fáwọn ọmọ 400 level, gbogbo ìgò ló ti funfun bí omi ògì. Ọmọ kan ní "Sà, ó ti bàjẹ́." Mo ní kò bàjẹ́, ẹ tì í bọ inú kúlà yẹn. Nígbà tá a yọ ọ́, ó mọ́ gaara, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbé e fún ọmọ yẹn kó dì í mú, ojú ibi tí ìka ẹ̀ ti kan ìgò ló ti kọ́kọ́ ń funfun, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ gbangba lára ẹ̀.

Ṣadé_Kẹ́mísìrì: 😂😂 Prof, oòrùn Ìbàdàn ni lésà yín!

Ọmọ_Òkè_Àdó: Ìka mẹ́rin lára ìgò, ìyẹn ga o. Mò ń bọ̀ wá jí i lò fáwọn ọmọ tèmi.

Báyọ̀_Ò_Gbà: Ẹ ò rí i? Prof fúnra wọn ti jẹ́rìí. Omi máa ń mu díẹ̀ nínú 1064. Tan lésà tí agbára ẹ̀ jẹ́ 100 mW sójú kan, omi ibẹ̀ lè gbóná tó 1 sí 2°C. Tó o bá ti gbé sàǹpù sí 31, kí ló tún kù?

Ìyábejì_Jàpáànù: Bọ̀dá Báyọ̀, ìdí tí wọ́n fi lo D2O, ìyẹn omi wúwo tó ní haidirójìn wúwo nínú, nìyẹn. D2O kì í fi bẹ́ẹ̀ mu 1064, ooru ẹ̀ ò tó nǹkan, síbẹ̀ nǹkan yẹn ṣì yọ nínú ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ń fa pólímà jọ.

Kọ́lá_Òkèèrè: D2O kẹ̀? Ṣebí òun ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù?

Ṣadé_Kẹ́mísìrì: Bọ́ǹbù bó. Àwọn ará Kánádà ń lò ó nínú rìákítọ̀ núkílíà CANDU wọn tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná. Ó tiẹ̀ dùn díẹ̀ lẹ́nu, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Kọ́lá_Òkèèrè: Ta ló tọ́ ọ wò??

Ṣadé_Kẹ́mísìrì: Èmi kọ́ o. Kọ́ọ̀pù kan ò lè pa yín, owó ẹ̀ ló máa pa yín.

Túndé_Glasgow: Ẹ jẹ́ ká fi PNIPAM sílẹ̀ ná, torí tòun ooru àti lésà jọ ń ti nǹkan síbì kan náà ni, ẹ ò lè yà wọ́n bọ̀rọ̀. Ẹ lọ wo pépà Walton àti Wynne níbí, nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature Chemistry, 2018. Kò sí pólímà nínú ẹ̀, olómi méjì kan, nitrobenzene àti decane, ni. Àwọn méjèèjì yẹn, bó o bá ṣe ń gbóná sí wọn ni wọ́n túbọ̀ ń wọnú ara wọn, a jẹ́ pé tó bá jẹ́ ooru ni, ṣe ló yẹ kí ẹ̀kán pòórá. Dípò bẹ́ẹ̀ ó yọ. Nitrobenzene ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jù, ìwọ̀n títẹ tiẹ̀ jẹ́ 1.55 sí 1.41 ti decane, òun ni lésà ń wọ́ wá sáàárín.

Báyọ̀_Ò_Gbà: Ìyẹn dáa, mo gbà fún wọn. PNIPAM la ṣì ń sọ o.

Ọmọ_Òkè_Àdó: Bọ̀dá Báyọ̀ gbà nǹkan! Ẹ bá mi ya fọ́tò ẹ̀ 😂

Ṣadé_Kẹ́mísìrì: Nitrobenzene yẹn, ẹni tó bá gbóòórùn ẹ̀ á rò pé póólíṣì bàtà ni wọ́n ṣí. Májèlé pọ́ńbélé sì ni. Ẹ máa rọra.

Fẹ́mi_Alásọyé: Ta ló mọ̀ bóyá atẹ́gùn lẹ̀ ń rí tẹ́ ẹ ń pè é ní ẹ̀kán?

Ìyábejì_Jàpáànù: Atẹ́gùn máa ń ní òrùka dúdú kìjikìji yíká létí, ti pólímà fẹ́lẹ́. Tó o bá sì pa lésà, atẹ́gùn ò ní tètè lọ.

Dókítà_Sẹ́ẹ̀lì: Àwa ará bàólójì ń wò yín o. 2009 ni wọ́n ti rí i nínú ẹyin aràn kékeré C. elegans pé P granule, ìyẹn àwọn hóró kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀, ń ṣe bí ẹ̀kán olómi, tó fi di 2017 wọ́n ti ń fi iná búlúù pe ẹ̀kán jáde nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń mí, ní Yunifásítì Princeton, purotéènì inú ewéko kan tó ń dá iná búlúù mọ̀ ni wọ́n so mọ́ purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì náà. Kò sí pé ooru ni tàbí fífà ni níbẹ̀.

Báyọ̀_Ò_Gbà: Ìyẹn ò sí lára ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà náà.

Túndé_Glasgow: Ashkin tó fi lésà di nǹkan mú ní Bell Labs ní 1986, 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní Nobel, baba ti di ẹni ọdún 96.

Kọ́lá_Òkèèrè: Ẹ fi ránṣẹ́ sí súpáfáísọ̀ mi tó ní PhD mi ti pẹ́ jù.

Àdìó_Láàbù: Ẹ ṣé gan-an ni. Ìgò ojú tí wọ́n ń wọ̀ fún 1064 yẹn, ṣé dandan ni? Ojú ò kúkú rí i.

Ìyábejì_Jàpáànù: Torí pé ojú ò rí i gan-an ló ṣe jẹ́ dandan! Iná tójú bá rí, ojú á ṣẹ́, á sá fún un. Eléyìí á ti jó ẹ̀yìn ojú ẹ kó o tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ yìí, ta ló fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ láàbù?

Lẹ́kọ́rà_Ìbàdàn: Àdìó, lọ wọ ìgò ẹ jàre.