Ọkọ̀ mi kéré, epo tó ń mu kò kéré: ṣé ọwọ́ ìwakọ̀ ni?

Arìnnàkore:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀. Ọkọ̀ tí mò ń wà kò tóbi, ẹnjìnnì lítà 1.3 ni, jíà ọwọ́, jíà márùn-ún. Nǹkan bíi lítà 9 àti ààbọ̀ ló ń mu ní 100 kìlómítà. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní irú ọkọ̀ yìí gan-an, ọdún kan náà ni wọ́n ṣe é, ọ̀nà kan náà la sì ń gbà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í kọjá lítà 7. Mẹkáníìkì ti yẹ tèmi wò: pílọ́ọ̀gì tuntun ló wà níbẹ̀, fílítà afẹ́fẹ́ mọ́, kò sí iná ìkìlọ̀ kankan tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ní òun ò rí nǹkan kan, kí n lọ wo bí mo ṣe ń wà á.

Ìdajì ìrìn mi jẹ́ inú ìlú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti iná ojú pópó. Ìdajì tó kù jẹ́ òpópónà márosẹ̀, 120 ni mo sì máa ń sá níbẹ̀. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo máa ń fi jíà sí fíríì, tí kò ní sí jíà kankan níbẹ̀, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, pé ó ń dín epo kù. Èwo ló ń jẹ epo jù nínú gbogbo èyí? Mi ò fẹ́ ra oògùn tí wọ́n ń dà sínú táńkì. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ tún ṣe.

Táyà-Le:
Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwakọ̀ yín, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn, torí táyà tó ti gbóná máa ń mú kí gẹ́ẹ̀jì lọ sókè. Iye tó yẹ wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin ohun tí táyà lè gbà, kì í ṣe ibi tí ẹ máa fẹ́ ẹ dé. Ẹ kó ẹrù tí ẹ ò lò kúrò nínú búùtù. Tí irin bá wà lórí òrùlé láìsí ẹrù lórí rẹ̀, ẹ tú u, afẹ́fẹ́ ló ń bá jà lásán.

Ìyá Olùkọ́ Ọkọ̀:
Arìnnàkore, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo máa ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ mí lógún. Tí ẹnìkan bá ń ráhùn epo lọ́dọ̀ mi, mo máa ń wo bó ṣe ń tẹ bíréèkì kí n tó wo bó ṣe ń tẹ tọ́tù.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Epo tí ẹ jó ló mú kí ọkọ̀ sáré. Eré yẹn, ẹ ti sanwó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó di ooru lára páàdì àti díìsìkì, afẹ́fẹ́ gbé e lọ, ọkọ̀ tó ń lo epo nìkan kò sì ní ibi tó lè kó o pa mọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó wọn kìlógíráàmù 1,000, tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí, gbé agbára bíi kílójúùlù 139 dání. Agbára inú lítà epo kan tó bíi mẹ́gájúùlù 32, ìyẹn kílójúùlù 32,000, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ń bá ooru ẹnjìnnì lọ; ká ní ìdá kan nínú mẹ́rin ló dé táyà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìgbàkígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ dé 60, tí ẹ sì fi bíréèkì dá a dúró pátápátá, bíi mílílítà 17 ti lọ. Ẹ ṣe é ní nǹkan bí ọgọ́ta ìgbà, odindi lítà kan ti bá bíréèkì lọ. Nínú ìlú, ọgọ́ta ìgbà kì í pẹ́ẹ́ pé rárá.

Ẹ gbójú sókè, ẹ wo iwájú dáadáa. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ máa ń tẹjú mọ́ ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú wọn, iná bíréèkì rẹ̀ ló ń darí wọn. Ọkọ̀ kẹta àti ìkẹrin ni kí ẹ máa wò, àti iná ojú pópó tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Tí ó bá ti pupa lọ́hùn-ún, kí ni ẹsẹ̀ ṣì ń wá lórí tọ́tù? Ẹ gbé e kúrò, ẹ fi jíà sílẹ̀ níbi tó wà, kí eré ọkọ̀ máa dín kù fúnra rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná á ti di aláwọ̀ ewé kí ẹ tó débẹ̀, 30 á sì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ní 30 lọ́wọ́ tó fẹ́ padà sí 60 ti ní ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tó nílò. Ẹni tó dúró pátápátá máa ra gbogbo rẹ̀ ní ọ̀tun.

Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, àyè gbọ́dọ̀ wà láàárín yín àti ọkọ̀ iwájú, ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Àwọn tí mò ń kọ́ máa ń sọ pé ẹlòmíràn á já wọ ibẹ̀. Kó já wọ̀ ọ́. Ẹ tún àyè mìíràn ṣe. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àyè yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ máa rọra yí lọ ní jíà kìíní tàbí ìkejì, nígbà tí àwọn tó súnmọ́ra ń gbéra, tí wọ́n ń dúró, tí wọ́n tún ń gbéra.

Ní ti gbígbéra, ẹ má fà á pẹ́ jù. Àwọn kan rò pé kí ẹsẹ̀ ṣáà ti fúyẹ́, wọ́n á wà ní jíà kejì títí dé ìkóríta kejì. Ẹ tẹ tọ́tù níwọ̀nba, kí ẹ sì yára yí jíà sókè, nígbà tí aago ẹnjìnnì, tó ń ka iye ìgbà tí ẹnjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bá wà láàárín 2,000 sí 2,500. Kò yẹ kí ẹnjìnnì ké kí ẹ tó yí i. Tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ ti yí i yá jù, ẹ dá a padà sí ìsàlẹ̀.

Òpópónà márosẹ̀ yín náà ṣe pàtàkì. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 90 sí 120, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 1.8. Kìlómítà 30 gba ìṣẹ́jú 15 ní 120, ó gba 20 ní 90. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ ń fi gbogbo epo yẹn rà. Ẹ sì jáwọ́ nínú fíríì.

Jíà-Kẹta:
Ẹ kú àlàyé, Mà. Gbogbo rẹ̀ yé mi àfi ti fíríì. Tí jíà bá wà ní fíríì, aago ẹnjìnnì á já sí 800. Tí ó bá wà nínú jíà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó lè wà ní 2,500. Báwo ni èyí tó ń yí jù ṣe máa mu epo kéré sí i? Bàbá mi wa ọkọ̀ ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún, fíríì ni wọ́n ń lò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n sì ní àwọn ń rí èrè rẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ Ọkọ̀:
Ìbéèrè gidi ni, bàbá yín ò sì sọ̀rọ̀ lásán. Ọkọ̀ ìgbà yẹn, kábúrétọ̀ ni. Bí ẹnjìnnì bá ṣe ń fa afẹ́fẹ́ ni epo á máa bá a lọ, ẹsẹ̀ ì báà wà lórí tọ́tù tàbí kó má sí níbẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń lo nọ́sù, ẹnu kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń fọ́n epo sínú ẹnjìnnì, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí jíà sì wà níbẹ̀, táyà ló ń yí ẹnjìnnì. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí i pé ẹnjìnnì kò nílò ohunkóhun, ó sì ti nọ́sù pa. Kì í ṣe pé epo dín kù o, kò wọlé rárá. Bó ṣe máa wà nìyẹn títí aago á fi súnmọ́ sílò, ìyẹn bí ẹnjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù tí ọkọ̀ sì dúró, láàárín 1,000 sí 1,500 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kí nọ́sù tó tún ṣí kí ẹnjìnnì má bàa kú. Ní fíríì, táyà ti jọ̀wọ́ ẹnjìnnì, epo nìkan ló kù tó lè gbé e dúró. 800 yẹn, epo ló ń yí i. 2,500 yẹn, òkè ló ń yí i fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ọkọ̀ yín bá máa ń fi bó ṣe ń mu epo lójú ẹsẹ̀ hàn, ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú jíà, òdo ló máa kà.

Lóòótọ́, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bá rọra tó bẹ́ẹ̀ tí jíà fi ń dá ọkọ̀ dúró, fíríì á gbé e jìnnà jù. Síbẹ̀, mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan tọ́tù fẹ́rẹ́ ní jíà karùn-ún, ó ti tó. Ní fíríì, bíréèkì nìkan ló kù láti dá ọkọ̀ dúró, tí òkè bá sì gùn, bíréèkì á gbóná títí kò fi ní mú dáadáa mọ́. Ẹni tó bá wá lọ pa ẹnjìnnì lórí ìrìn láti fi epo pamọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bíréèkì á le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdarí ọkọ̀ á wúwo, tó bá sì yọ kọ́kọ́rọ́, ìdarí lè tì pa.

Ọ̀tọ́-Ni-Tèmi:
Ẹ ṣé, Mà. Jíà ọ̀tọ́ ni tèmi, èyí tó ń yí ara rẹ̀, éésì kì í sì í kú nínú ọkọ̀ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Olùkọ́ Ọkọ̀:
Ẹ fi jíà sí D, kí ẹ má gbé e sí N, ìyẹn fíríì, lórí ìrìn. Bí mo ṣe sọ nípa nọ́sù náà ló rí fún ọ̀tọ́. Tí ẹ bá rọra gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ lórí tọ́tù lẹ́yìn tí ẹ ti dé eré tí ẹ fẹ́, á tètè bọ́ sí jíà òkè.

Éésì ń mu epo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá. Ọkọ̀ tó ti wà nínú oòrùn, ẹ ṣí fèrèsé kí ooru kọ́kọ́ jáde, kí ẹ tó tan éésì. Nínú ìlú tí eré ò ti pọ̀, fèrèsé lè tó. Lórí eré, ẹ ti fèrèsé kí ẹ tan éésì, torí fèrèsé tó ṣí máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Tí ẹ bá ń dúró de ẹnìkan, ẹ pa ẹnjìnnì. Ẹnjìnnì kékeré lórí sílò lè mu ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí, láì kúrò lójú kan. Kò sì sídìí láti máa jẹ́ kó gbóná lórí ìdúró láàárọ̀; ẹ gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀nà ló ń mú un gbóná yá.

Arìnnàkore:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Mà. Mo máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíréèkì àti 90. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, kó má jẹ́ pé mò ń tan ara mi?

Ìyá Olùkọ́ Ọkọ̀:
Ẹ má wo ọwọ́ gẹ́ẹ̀jì epo, kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ kún táńkì títí ẹnu ẹ̀rọ epo á fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ẹ dá òǹkà ìrìn padà sí òdo. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ rà, ẹ kún un bẹ́ẹ̀ náà. Ká ní lítà 34 ló wọlé, tí ẹ sì ti rin kìlómítà 425: ẹ pín 34 sí 425, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, 8 ló máa fún yín. Ẹ má fi táńkì kan ṣèdájọ́, òjò àti ìrìn kúkúrú lè yí i padà.

Tí ẹ bá ti tún gbogbo èyí ṣe tí kò sì já wálẹ̀, ẹ padà lọ bá mẹkáníìkì, ẹ ní kó wo nǹkan méjì tó lè má tan iná ìkìlọ̀. Èkíní, bíréèkì tó ń há: lẹ́yìn ìrìn tí ẹ ò ti tẹ bíréèkì púpọ̀, ẹ gbé ọwọ́ súnmọ́ rímù kọ̀ọ̀kan láì fọwọ́ kàn án, kí ẹ wò bóyá ọ̀kan gbóná ju àwọn yòókù lọ. Èkejì, tẹ́mósítáàtì, ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tó ń mú ẹnjìnnì tutù, tó há sí ìṣísílẹ̀: ọwọ́ aago ooru kò ní dé ibi tó máa ń dúró sí, kọ̀ǹpútà á máa rò pé ẹnjìnnì ṣì tutù, á sì máa fi kún epo tó ń fún un.