Ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì fún Ìsẹ́yìn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ẹbẹdí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ dá ìwé ìròyìn ìlú wa sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó òwú ń gorí ara wọn, àwọn ahunṣọ ń pariwo, àmọ́ àwọn ìwé ìròyìn ńlá kì í dárúkọ wa àfi bí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an. Fóònù nìkan ni mo ní, kò sówó.

Àgbà Akọ̀ròyìn: Ọmọ mi, má tíì ra nǹkan kan. Blogger ti Google, ibi téèyàn ti lè ṣí ojú ìwé tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba kọ́bọ̀. Ṣí ìkànnì WhatsApp pẹ̀lú, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wa wà. Dín ìwọ̀n fọ́tò kù kó o tó gbé e sókè, kó má baà jẹ dátà wọn. Orúkọ ìkànnì tìrẹ tó parí sí .com.ng, tí wọ́n ń sanwó fún, lè dúró ná.

Ọmọ Ẹbẹdí: Ẹ ṣé, bàbá. Kí ni kí n máa kọ?

Àgbà Akọ̀ròyìn: Iye tí òwú jẹ́ lọ́jà lọ́sẹ̀ yìí. Ta ló kú, ìgbà wo ni ìsìnkú. Ìwé Ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859 gbé ìròyìn ìrìbọmi àti ikú jáde, ó sì ròyìn ọjà òwú náà.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, bí ẹnìkan bá fẹ̀sùn kan ẹlòmíì, pe onítọ̀hún kó o tó gbé e jáde, kó o sì kọ ohun tó sọ sínú rẹ̀. Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ti kó akọ̀ròyìn sí àtìmọ́lé rí. Tọ́jú gbogbo ohùn tó o bá gbà sílẹ̀.