Ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù wo ló wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù yín? Ẹ sọ ìrírí yín

Onítírélà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá mẹ́ta ni mo ti lò, àlòkù ni gbogbo wọn, bẹntiróòlù ni gbogbo wọn sì ń mu. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò ra oní-díísù. Ẹrù mi kì í wúwo lójoojúmọ́, ìrìn mi kì í jìnnà, owó tí wọ́n sì ń gbà tí ẹ̀rọ tó ń fọ́n díísù bá bàjẹ́, mi ò ní in.

Ti àkọ́kọ́ ló là mí lójú. Ara rẹ̀ ń dán, ìjókòó rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo bá sanwó. V8, ìyẹn ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, tó ní fáfù mẹ́ta fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan ni. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ pàrọ̀ plọ́ọ̀gì, mẹkáníìkì ń tú ọ̀kan, a kàn gbọ́ "kẹ́!" Ìdajì plọ́ọ̀gì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì há sínú tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì. Àṣé abala méjì ni wọ́n so pọ̀ di plọ́ọ̀gì yẹn, èédú tó dì sì ti lẹ apá ìsàlẹ̀ mọ́ ihò. Nínú mẹ́jọ, mẹ́ta ló kán. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi fa èyí tó há jáde, tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni ì bá gbà mí: "Ǹjẹ́ ẹ ti pàrọ̀ plọ́ọ̀gì rẹ̀ rí?" Mi ò bèèrè. Ọ̀dà ara ọkọ̀ ni mò ń wò.

Èkejì jẹ́ Chevrolet 2500 tó ní ẹ́ńjìnnì 6.0, ìyẹn lítà mẹ́fà. Búlọ́ọ̀kù onírin, ọ̀pá tó ń ti fáfù, kò sí sílíńdà kankan tó ń sùn nígbà tí àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́. Epo tó ń mu kò kéré, àmọ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá wo ló kéré? Mo lò ó títí mo fi tà á, ẹni tó rà á ṣì ń kí mi.

Ẹ̀kẹta ló gba àròjinlẹ̀. Ram tó ní 6.4 wà níbẹ̀, agbára ẹṣin 410. Ford F-250 tó ní 6.2 náà wà níbẹ̀, agbára ẹṣin 385. Plọ́ọ̀gì 16 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, méjì fún sílíńdà kan, nítorí náà ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ tọkọ̀. Tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, 6.4 máa ń pa sílíńdà mẹ́rin láti fi dín epo kù. Ẹlòmíì fẹ́ràn ìyẹn. Èmi ò fẹ́ ohun tó máa ń tan tó máa ń kú nínú ẹ́ńjìnnì tí mi ò mọ ẹni tó lò ó ṣáájú mi. 6.2 ni mo mú. Ì bá jẹ́ pé owó wà ni, 7.3 tó jáde lọ́dún 2020 ni ǹ bá rà: ńlá ni, àmọ́ kò díjú.

Ìyá Onípákó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Tèmi ò ju pé kẹ́ ẹ wo iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ lọ. Mo rí ọkọ̀ kan tí mítà rẹ̀ ka 60,000 máìlì, inú mi dùn. Ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ wo mítà tó ń ka wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́." Ó ka 6,000! Ìyẹn ni pé máìlì 10 péré ló ń rìn ní wákàtí kan, ìdúró ló fi ìyókù ṣe, tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Mo fi í sílẹ̀. Èyí tí mo rà ti rin 130,000, ṣùgbọ́n wákàtí rẹ̀ kò tó 4,000. Àwọn èèyàn rò pé orí mi dàrú.

Bọ́ọ̀tì-kán:
Màámi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n rà. Nígbà tí mo lọ wo tèmi, ẹ́ńjìnnì ti gbóná kí n tó dé, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó ti wà lọ́dọ̀ mi, tík-tík-tík. Bọ́ọ̀tì tó di páìpù èéfín mọ́ tọ́ọ̀pù ti kán, atẹ́gùn ń jò. Tí irin bá gbóná, ó máa ń fẹ̀, ihò a dí, ariwo a pa rẹ́. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀ dáadáa.

Ẹ tún bèèrè eyín gíà ẹ̀yìn o, ìyẹn iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń bọ̀ láti gíàbọ́ọ̀sì máa yí kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. 4.30 àti 3.73 kì í ṣe ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ bá ń fa ẹrù gun òkè, ẹ́ńjìnnì kan náà ì báà wà nínú méjèèjì. 4.30 ló máa fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa fi epo díẹ̀ san án lójú ọ̀nà tó tẹ́jú.

Onítírélà:
Ìwọ àbúrò yìí, o ti kó mi láyà jẹ. Lọ́la ni mò ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wo 6.0 kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ẹni tó ń tà á ni, mo ní kó má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ títí a ó fi dé. Ó ní kí ló dé. Mo ní kò sí.