Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kò fi dá sí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Òwú tí àwọn ẹrú ń gbìn ní ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Lancashire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbójú lé. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà tí Àríwá wà lẹ́yìn rẹ̀, dí ojú èbúté àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó yapa, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn níbẹ̀. Kí ló wá fà á tí ìjọba Palmerston, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò fi gbè sẹ́yìn Gúúsù?

Ìdáhùn kìíní:
Ó kù díẹ̀ kó gbè sẹ́yìn wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1862, lẹ́yìn tí Gúúsù borí nínú ogun Bull Run ẹlẹ́ẹ̀kejì, Palmerston àti Russell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ń kọ̀wé síra wọn pé kí àwọn àti Faransé bá Àríwá àti Gúúsù làjà, bí Àríwá bá sì kọ̀, kí àwọn gba Gúúsù ní orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ 17 oṣù náà ni wọ́n ja ogun Antietam, Lee, ọ̀gágun Gúúsù, sì kó ọmọ ogun rẹ̀ padà sí Virginia. Láti ìgbà náà ni Palmerston ti ní kí àwọn ṣì máa wo ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Ìdáhùn kejì:
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé George Cornewall Lewis, mínísítà ogun. Òun ló bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé: ta ni yóò pa ààlà, kí ni wọn yóò sì ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹrú? Kò sẹ́ni tó rí èsì gidi fún un. Ní oṣù kọkànlá, Napoleon Kẹta, ọba Faransé, dá a lábàá pé kí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà jọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró fún oṣù mẹ́fà. Rọ́ṣíà kọ̀, ìgbìmọ̀ Palmerston náà kọ̀. Lójú tèmi, irú ìbéèrè Lewis yẹn ni ó yẹ kí alágbára kọ́kọ́ dáhùn kó tó tọwọ́ bọ ogun onílé.

Ìdáhùn kẹta:
Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun àti ààlà nìkan ló dá Gẹ̀ẹ́sì dúró. Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án yẹn ni Lincoln kéde pé ẹrú tó wà ní ìpínlẹ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ yóò di òmìnira ní ọjọ́ kìíní ọdún 1863. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1862, àwọn òṣìṣẹ́ Manchester, tí àìrówú ń fìyà jẹ àgbègbè wọn, péjọ, wọ́n sì kọ̀wé sí Lincoln láti tì í lẹ́yìn. Ohun tó wú mi lórí jù lọ nínú ìtàn náà nìyẹn. (Òwú Abẹ́òkúta pàápàá ti ń dé Manchester nígbà náà, nípasẹ̀ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Thomas Clegg, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà.) Lẹ́yìn ìkéde yẹn, ó ṣòro fún ìjọba Lọ́ńdọ̀nù láti dúró ti olówó ẹrú ní gbangba. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 1863, Russell yìí kan náà ló ní kí wọ́n dá ọkọ̀ ogun onírin méjì tí ilé iṣẹ́ Laird ń kàn fún Gúúsù ní Birkenhead dúró.