“Mínísítà Ìdájọ́ ló ń darí ọlọ́pàá” kẹ̀? Èsì sí ìtumọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ará Sábẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Sábẹ̀ fi ìtumọ̀ kan ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí iṣẹ́ mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin ní ilẹ̀ Ireland. Gbólóhùn tó dá gbogbo awuyewuye yìí sílẹ̀ ni: “Mínísítà Ìdájọ́ ni ó ń darí àwọn ọlọ́pàá, àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn àlejò.” Bàbá wa ní Kétu ní kí á yọ “Mínísítà Ìdájọ́” dànù, kí á fi “Olùtọ́jú Òǹtẹ̀” sí i, torí garde des sceaux ni èdè Faransé ń pe ẹni tó wà ní ipò náà. Àbúrò wa kan ní Èkó dáhùn pé kí lẹ̀ ń dà ara yín láàmú sí, ṣebí “Agbẹjọ́rò Àgbà” ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ tèmi, ó sì gùn díẹ̀. Ẹ fara dà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ti Èkó, nítorí kò le. Ní Nàìjíríà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ oyè méjèèjì: òun ni agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀, òun náà ni mínísítà. Abala 150 ìwé òfin ọdún 1999 ló so wọ́n pọ̀. Ní Ireland, ẹni ọ̀tọ̀ ni Attorney General, ẹni ọ̀tọ̀ ni mínísítà. Níbí pẹ̀lú, tí wọ́n bá pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí owó tàbí ilẹ̀, mínísítà kọ́ ló ń lọ rojọ́, agent judiciaire, aṣojú ìjọba nílé ẹjọ́, ni. Nítorí náà, Agbẹjọ́rò Àgbà, ẹ jẹ́ kó jókòó sí Àbújá.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi lórí ti òǹtẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn nídìí. Láyé àwọn ọba Faransé, ìwé àṣẹ tí òǹtẹ̀ ọba kò bá sí lára rẹ̀, ìwé lásán ni, ẹni tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe èèyàn kékeré. Ipò yẹn ló di ti mínísítà, orúkọ náà sì tẹ̀lé e dé ọ̀dọ̀ àwa tí wọ́n ṣàkóso lé lórí. Garde des Sceaux, ministre de la Justice et de la Législation: àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò a máa kà á tán kí wọ́n tó mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń sọ yìí, ará Dublin, olú-ìlú Ireland, ni, wọn kò fi orúkọ òǹtẹ̀ kankan pè é nílé rẹ̀. Àti pé níbí gan-an, tí ẹ bá sọ “olùtọ́jú òǹtẹ̀” fún àwọn tó ń tajà ní ọjà Ouando, akọ̀wé tó ń lu òǹtẹ̀ (cachet) sórí ìwé ọjọ́-ìbí ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ni wọn yóò máa rò.

Ó wá ku “Mínísítà Ìdájọ́”. Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rọ́ mi lẹ́nu rèé: ta ló ń dájọ́? Adájọ́ ni. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ tiwa, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ọ́ ní abala 125 pé agbára ìdájọ́ dá dúró lọ́tọ̀, kò sí lábẹ́ ìjọba, kò sí lábẹ́ ilé aṣòfin. Abala 126 ní òfin nìkan ni adájọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ bó bá jókòó lórí ẹjọ́. Tí a bá wá ń pe ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ní Mínísítà Ìdájọ́, ẹni tó ń kà á yóò gbà pé òun ló ń sọ ohun tí adájọ́ yóò sọ. Àwọn kan ti gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Ní Àjàṣẹ́ yìí tí CRIET, ilé ẹjọ́ àkànṣe fún ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ ajé àti ìpániláyà, ti ń jókòó láti ọdún 2018, kò sí ilé ọtí tí ẹ kò ti ní gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ògbufọ̀ tún bu epo sí i.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó tó ó: ètò. “Mínísítà ètò ìdájọ́.” Mo mọ̀ pé ẹnì kan níbí máa ń ráhùn pé àwọn oníròyìn ti sọ “ètò” di iyọ̀ tí wọ́n ń bù sínú gbogbo ọbẹ̀, ètò ẹ̀kọ́, ètò ìlera, ètò ọrọ̀ ajé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbí yìí, ó ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹjọ́ tí a óò kọ́, akọ̀wé kóòtù tí a óò gbà, òfin tuntun tí a óò gbé lọ sí ilé aṣòfin, ètò ni gbogbo ìyẹn. Ìdájọ́ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un, torí ó máa bá wa lò níwájú. Faransé pín àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìdájọ́ sí méjì: àwọn tó ń jókòó dájọ́, àti àwọn tó ń dìde dúró sọ̀rọ̀ lórúkọ ìlú, ìyẹn procureur àti àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn tó jókòó, mínísítà kò ní àṣẹ lórí wọn. Àwọn tó dúró wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí tóbi, mi ò sì tíì rí ìwé Yorùbá kankan tó mú un jáde. “Adájọ́ àjókòó” àti “adájọ́ àdúró” ń pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò ní ohun tó sàn jù.

Ọ̀rọ̀ tó burú jù nínú gbólóhùn ẹ̀gbọ́n wa kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ oyè náà. “Darí” ni. Ẹni tó ń darí ọmọ ogun ló ń sọ fún wọn pé ẹ lọ síbí, ẹ mú èyí, ẹ fi tọ̀hún sílẹ̀. Ní Ireland, ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Garda Commissioner ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti mínísítà ni pé, tí nǹkan bá bàjẹ́, òun ni àwọn aṣòfin ń bi léèrè nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn, òun ló sì ń gbé òfin tó de ọlọ́pàá wá. Tí ọlọ́pàá bá fìyà jẹ ará ìlú, kì í ṣe ọ́fíìsì mínísítà ló ń wádìí rẹ̀. Àjọ kan wà lọ́tọ̀ fún un, Fiosrú lorúkọ rẹ̀, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ GSOC, àjọ tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ṣé ẹ rí i? Ẹnì kan ń darí, ẹnì kan ń jíhìn, ẹlòmíràn ń wádìí. Ìṣe mẹ́ta, ẹni mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n wa sì kó gbogbo wọn sínú “darí”.

Ó sì tún ń ṣi ará ilé lọ́nà. Ẹni tó bá kà á ní Sábẹ̀ tàbí Pobè yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2018 tí wọ́n ti da jàǹdámù (ológun tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá) àti ọlọ́pàá pọ̀ di Police Républicaine, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni ọ̀gá wọn. Ibi tí ọwọ́ mínísítà ètò ìdájọ́ fi ń kàn wọ́n ni pé, bí ọlọ́pàá bá ń ṣe ìwádìí ọ̀ràn, procureur ló ń tọ́ wọn sọ́nà, procureur yẹn sì wà lábẹ́ mínísítà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí. Ọlọ́pàá kan náà, ọ̀gá méjì: ọ̀kan fún aṣọ àti owó oṣù, ọ̀kan fún ìwé ẹ̀sùn. Fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, “mójú tó” ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń mójú tó nǹkan lè má jẹ́ òun ló ni ín.

(Garda Síochána ni orúkọ ọlọ́pàá Ireland, “ẹ̀ṣọ́ àlàáfíà” ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè tiwọn. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kì í gbé ìbọn, ọ̀pá ni. Nítorí náà, nínú gbogbo ayé, àwọn gan-an ni “ọlọ́pàá” bá mu jù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí i padà.)

Ó kan “ẹlẹ́wọ̀n” báyìí. Ìyá kan tó ń ta àkàsà ní Ouando, ọmọ rẹ̀ jà lórí ọ̀kadà, wọ́n sì mú un lọ sí kọmísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá náà ń sunkún kiri ọjà pé, “Wọ́n ti gbé ọmọ mi lọ sẹ́wọ̀n.” Ọmọ dé ilé lọ́jọ́ kejì, kò tilẹ̀ fojú ba ilé ẹjọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn àna rẹ̀. Àwọn tó ti ń múra ìdáná ránṣẹ́ pé àwọn yóò tún un wò, torí àwọn kì í fọmọ fún ẹlẹ́wọ̀n. Ìyá náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló lò.

Abala 18 ìwé òfin ìpìlẹ̀ wa ní kò sẹ́ni tí wọ́n lè dá dúró ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé wọ́n mú un dé iwájú adájọ́. Bí ọ̀ràn bá ṣe àrà ọ̀tọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 8. Ìyẹn ni garde à vue, ọwọ́ ọlọ́pàá ló wà. Lẹ́yìn rẹ̀, adájọ́ lè ní kí wọ́n tì í mọ́lé títí ẹjọ́ yóò fi pé. Ìgbà yẹn ni ó ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọwọ́ Agence pénitentiaire, àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà lábẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́. Ìgbà tí wọ́n bá dájọ́ fún un ló tó di ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà nínú ọgbà Àjàṣẹ́ àti ti Akpro-Missérété ni wọn kò tíì dájọ́ wọn. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń sùn, wọn kì í sì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n.

Ìmọ̀ràn mi: kí “àhámọ́” jẹ́ ti kọmísáríà, kí “àtìmọ́lé” jẹ́ ti ẹni tó ń retí ẹjọ́, kí “ẹ̀wọ̀n” jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi. Mo mọ̀ pé àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà ń lo méjèèjì àkọ́kọ́ bákan náà. Kò sí ohun tó ní kí àwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sì ń fẹ́ “ilé àtúnṣe” dípò ọgbà ẹ̀wọ̀n, torí pé Nàìjíríà yí orúkọ àjọ náà padà lọ́dún 2019, ẹ jẹ́ kí àtúnṣe kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná.

Ti “àlejò” ló kù. A kì í lé àlejò, mínísítà Ireland sì ń lé èèyàn: òun ni òfin fún láṣẹ láti pàṣẹ pé kí ẹnì kan padà sílé. Òun náà ni òfin ọdún 1956 wọn gbà láàyè láti sọ ẹni tó ti ilẹ̀ mìíràn wá di ọmọ ilẹ̀, bó bá wù ú. Àlejò wo ló ń di ọmọ onílé? Láti ọdún 2025 ọ̀rọ̀ abẹ́lé àti ti ìrìn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ tilẹ̀ ti wọ inú orúkọ oyè rẹ̀. Ẹnì kan níbí dábàá “aṣíkiri”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá sọ aṣíkiri ní Sábẹ̀, màlúù àwọn darandaran ni gbogbo èèyàn yóò máa wò lọ́nà. “Àtọ̀húnrìnwá” ní èébú nínú. Àtìpó ni mo yàn fún ẹni tó ń gbé láàárín wa láìjẹ́ ọmọ ìlú, ọ̀rọ̀ ilé wa ni, kò bú ẹnikẹ́ni.

Bàbá tún mú “Ìdènà” wá fún ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn tó ń wọ ilẹ̀ àti àwọn tó ń jáde, ó sì tọ́ka sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi Kétu. Ó wù mí, ṣùgbọ́n dídí ọ̀nà nìkan ló ń sọ, iṣẹ́ náà sì ní ìgbàwọlé nínú. “Aṣọ́bodè” kò ṣeé lò, dùwáànì, àwọn tó ń gba owó orí ẹrù, ni Nàìjíríà ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ìgólò lẹ́nu ibodè mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa: ẹni tó ń bi ọ́ pé kí lo gbé, dùwáànì ni; ẹni tó ń bi ọ́ pé ta ni ọ́, èkejì tí à ń wá orúkọ fún ni. Níbí, abẹ́ ọlọ́pàá ni èkejì yẹn wà, àwọn náà ló ń ṣe pásípọ́ọ̀tù. Ìwé tó fi hàn pé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni ọ́, ilé ẹjọ́ la ti ń gbà á. Ibi kékeré tí ètò ìdájọ́ tiwa ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. “Ìwọlé-jáde” tó fún ọ́fíìsì náà.

Bí mo ṣe máa kọ gbólóhùn náà rèé, ẹ dá a sí wẹ́wẹ́ bó bá yẹ:

“Ní Ireland, mínísítà ètò ìdájọ́ ni àwọn aṣòfin ń bi léèrè nípa ọlọ́pàá. Òun ló ń mójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ìwọlé-jáde, òun ló sì ń pinnu àtìpó tí yóò di ọmọ ilẹ̀ àti èyí tí yóò padà.”

Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ẹni tó sá dé, tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba òun, tí wọn kò tíì dá lóhùn. “Asásàálà” ti kọjá ibẹ̀, torí ó ń sọ pé ó ti rí ibi sá sí. Bàbá, nígbà tí àwọn èèyàn bá sá wá sí Kétu látijọ́, tí wọ́n dúró lẹ́nu odi kí Alákétu tó dáhùn, kí ni wọ́n ń pè wọ́n?